Inú Igi Ẹ̀gẹ́ Ni Ogun Wà, Kì í Ṣe Nínú Agolo Oògùn

Kò sí àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òde-Ìrèlè dé Igbótakọ, tí kò mọ ewé yìí. Ewé tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ni yóò ká kò, ìka rẹ̀ kan á kúrú ju èkejì lọ, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé tútù á sì pín ojú rẹ̀ lábala-lábala. Bó bá wọ igi náà lára tán, igi ò ní í ga mọ́, gbòǹgbò rẹ̀ ò sì ní í ta. Àwọn kan á ní ilẹ̀ ló ti ṣá, àwọn mìíràn á ní oòrùn ló pa á, kálukú á sì wá owó ajílẹ̀ tàbí owó oògùn apakòkòrò. Èrò tèmi ni pé ibi tí à ń ná owó náà sí kọ́ ni àrùn wà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń sọ ewé dà bẹ́ẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ ló sì fi ṣe ilé, kò sí oògùn inú agolo tó lè bá a débẹ̀. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló lè bá a jà, ó sì mọ̀ ọ́n jà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Nítorí náà, igi tí a fẹ́ gbìn gan-an ló yẹ kí àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ máa ṣọ́, òun náà ló sì yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó máa náwó lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbí. Púpurú ni oúnjẹ tí a fi ń dá ilé Ìkálẹ̀ àti ilé Ìlàjẹ mọ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣa okùn àárín rẹ̀ kúrò, wọ́n á mọ ọ́n ní roboto-roboto, wọ́n á sì tò ó sórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹ̀yìn dúdú yẹn ni wọ́n á ha kúrò kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n tó kù ú, kí ó tó di ohun tí à ń rò nínú omi gbígbóná. Ọwọ́ obìnrin ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ wọn náà sì ni àdánù àrùn ewé ti ń kọ́kọ́ hàn. Gbòǹgbò tó tinrín máa ń ní èèpo púpọ̀ àti ẹran díẹ̀, ẹni tó ń bó o á jókòó ti ọ̀bẹ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iye tí yóò mọ kò sì ní í tó ti tẹ́lẹ̀. Ní 1997, onímọ̀ àrùn ewéko Thresh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé nínú gbogbo ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí Áfíríkà máa kó, ìdá 15 sí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn yìí ń gbé lọ lọ́dọọdún. Nàìjíríà ló ń kó ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé, ẹ wá wo iye tó lè jẹ́ tiwa nínú àdánù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀tá náà dáadáa. Láti 1894 ni onímọ̀ ewéko Warburg ti kọ̀wé nípa àrùn yìí ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura pé ohun kan tó kéré ju bakitéríà lọ ló ń pa ewé tábà. Fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ kéré débi pé òrùka DNA méjì péré ni gbogbo ogún rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí 2,800 lẹ́tà lọ. Kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi da DNA ara rẹ̀ kọ, ti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ ló ń yá lò. Kòkòrò eṣinṣin funfun, èyí tó máa ń fò yẹ̀ǹyẹ̀ bí a bá gbọn ewé, ló ń gbé e láti igi kan sí òmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún eṣinṣin tó ti kó o láti fi í sára igi tuntun bó ti ń fa omi ewé mu. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé tán, ìṣòro kan ń dúró dè é: sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà tán ti dáwọ́ dídà DNA kọ dúró, irinṣẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì fẹ́ yá ti wà ní ìsinmi. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń ṣe ni pé yóò rán purotéènì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Rep lọ di purotéènì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ kọ́ mú. Bí ìdádúró náà bá ti tú, sẹ́ẹ̀lì á tún jí sẹ́nu iṣẹ́ dídà kọ, fáírọ́ọ̀sì á sì fi irinṣẹ́ onílé bí ọmọ tirẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kì í wò ó níran. Bí fáírọ́ọ̀sì ti ń sọ DNA rẹ̀ di RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó ṣe purotéènì, ọ̀pọ̀ nínú RNA náà máa ń di onílọ̀ọ́po-méjì, ìrísí yìí sì ni sẹ́ẹ̀lì ewéko fi ń mọ̀ pé àlejò burúkú ti wọlé. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní Dicer á gé RNA onílọ̀ọ́po-méjì yẹn wẹ́wẹ́, kálukú á gùn tó lẹ́tà 21, 22 tàbí 24. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ Argonaute á mú ọ̀kan nínú ègé wẹ́wẹ́ náà dání, á sì máa fi í wá gbogbo RNA tó bá bá a mu. Ẹ rò ó bí àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò tí wọ́n fún ní fọ́tò olè: ẹni tí ojú rẹ̀ bá bá fọ́tò mu ni wọ́n ń mú, wọn kì í fọwọ́ kan ọmọ ilé. RNA tí Argonaute bá mú, gígé ni yóò gé e sí méjì, purotéènì fáírọ́ọ̀sì tó yẹ kó tara rẹ̀ jáde kò sì ní í jáde mọ́. Àwọn ègé onílẹ́tà 24 tún máa ń padà sórí DNA fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lẹ àmì kékeré kan mọ́ ọn tí kò ní í jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìròyìn náà kì í dúró sínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ègé wẹ́wẹ́ wọ̀nyí máa ń gba ojú ihò tóóró tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kọjá, wọ́n á sì bá omi ara igi gòkè, tó fi jẹ́ pé ewé tí kò tí ì yọ lè ti gba ìkìlọ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kò tètè mọ ìdí ohun tí ojú ti rí tipẹ́. Ní 1928, Wingard kọ̀wé pé òun rí tábà tí àrùn fáírọ́ọ̀sì mú ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ewé òkè sì yọ ní mímọ́, tí àrùn náà kò sì lè ràn ewé mímọ́ yẹn mọ́. Ó tó 1999 kí Hamilton àti Baulcombe tó fi hàn ní ìlú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ègé RNA kéékèèké wà nínú ewéko tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà. Ẹ̀bùn Nobel tó jáde lórí irú ìmọ̀ yìí ní 2006, iṣẹ́ lára aràn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fún Fire àti Mello, mo sì gbà pé ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ewéko ló ti ń fi nǹkan náà hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Nípa ti ẹ̀gẹ́ gan-an, ní 2004 àti 2005, Chellappan àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé igi ẹ̀gẹ́ tó kó oríṣi fáírọ́ọ̀sì kan tó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà máa ń tún ara ṣe: ewé àkọ́kọ́ á ká kò, èyí tó bá tẹ̀lé e á sàn díẹ̀, àwọn tó kẹ́yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán, bí ara igi sì ti ń yá ni ègé RNA wẹ́wẹ́ ń pọ̀ sí i nínú ewé. Nígbà tí wọ́n mú ooru kúrò ní 25 lọ sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìjà náà tún gbóná sí i, àrùn sì dínkù. Ooru tí à ń ráhùn sí nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ń ran ẹ̀gẹ́ wa lọ́wọ́ níwọ̀n ìba tirẹ̀.

Ẹni kan lè bi mí pé bí ẹ̀gẹ́ bá mọ ìjà tó báyìí, kí ló dé tí oko fi kún fún ewé kíká? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ ló sì gbé ọ̀rọ̀ yìí ró. Fáírọ́ọ̀sì náà ní ohun ìjà tirẹ̀. Ó ní purotéènì kan, AC4, tó máa ń gba ègé wẹ́wẹ́ náà mọ́ Argonaute lọ́wọ́, ó sì ní òmíràn, AC2, tó ń ti ìjà sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀tọ̀. Nàìjíríà ní oríṣi fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ méjì tó wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní ti Áfíríkà, àti èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní Cameroon tó jẹ́ ìbátan ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2004, Vanitharani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé AC4 ni agbára ti àkọ́kọ́, AC2 sì ni agbára ti èkejì. Bí ti àkọ́kọ́ nìkan bá wọ igi, sẹ́ẹ̀lì lè bá a ṣe é. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú igi kan náà, ọ̀kan á bo àléébù èkejì mọ́lẹ̀, ìjà sẹ́ẹ̀lì á sì wó. Igi bẹ́ẹ̀ kì í tún ara ṣe mọ́.

Ibi tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lè yọrí sí, Uganda ti rí i. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ inú àwọn ọdún 1990, fáírọ́ọ̀sì tuntun kan jáde níbẹ̀ tó jẹ́ pé ègé ti oríṣi Áfíríkà ló wọnú DNA ti oríṣi Ìlà-Oòrùn, ìyẹn ni pé méjèèjì ti pàdé nínú igi kan, wọ́n sì ti bí ọmọ. Àrùn náà gba oko láti àríwá lọ sí gúúsù, àwọn àgbẹ̀ fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbègbè, ebi sì pa ènìyàn kú. Mo mẹ́nu ba Uganda nítorí àwọn tó máa ń sọ pé àrùn ewé ti wà láti ayé bàbá wa, a sì ń jẹ púpurú bọ̀ láti ìgbà náà. Lóòótọ́ ni. Ìjà sẹ́ẹ̀lì ló jẹ́ kí a máa rí i jẹ. Ṣùgbọ́n Uganda náà ti gbé pẹ̀lú àrùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì tó lè pàdé sì ti wà nínú oko Nàìjíríà.

Ohun tó ń mú oríṣi fáírọ́ọ̀sì méjèèjì pàdé jù lọ ni ọwọ́ wa. A kì í gbin èso ẹ̀gẹ́, igi rẹ̀ là ń gé gbìn. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú igi tí a gé lọ́dún yìí, ó ti wà nínú ẹ̀gẹ́ ọdún tó ń bọ̀ láti ọjọ́ tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, eṣinṣin funfun kò ní láti ṣe wàhálà kankan. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ máa ń burú jù, nítorí igi tó ti tóbi kí eṣinṣin tó kó o bá a ti ní ewé àti gbòǹgbò tó lè fi gbé àrùn náà rù. Bí eṣinṣin bá wá gbé oríṣi kejì dé bá igi tó ti kó ọ̀kan bọ̀ láti oko àná, a ti bá àwọn méjèèjì ṣe ìpàdé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé oògùn apakòkòrò kò lè gbà wá. Ohun tí à ń wọ́n sára ewé ò ní í ṣe nǹkan kan sí fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú igi, bó bá sì pa eṣinṣin lónìí, ti oko ẹ̀gbẹ́ á fò dé lọ́la, á sì ti fi àrùn sílẹ̀ kí oògùn tó pa á. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ eṣinṣin funfun náà á kú mọ́ ọn. Ajílẹ̀ lè mú kí igi lágbára díẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè lé fáírọ́ọ̀sì jáde. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Bí oògùn kò bá lè gbà wá, ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lè gbà wá: oríṣi kan wà tó mọ̀ ọ́n jà ju òmíràn lọ, ibi tí a ti rí àwọn tó lágbára jù sì yẹ kó wú wa lórí. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ wáyé ní Amani, ní Tanzania, níbi tí onímọ̀ àrùn ewéko Storey àti àwọn tó tẹ̀lé e ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ inú igbó láti àwọn ọdún 1930. Irúgbìn láti ibẹ̀ dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, orí rẹ̀ sì ni Hahn, ọmọ ilẹ̀ Korea, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970. Òun ni wọ́n fi jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè nítorí àwọn oríṣi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS tó jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará IITA kíyè sí i pé àwọn ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ kan tí wọ́n kó láti oko àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kó àrùn ewé rárá. TME3 wà lára wọn, TME7 tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Ọkọ-ìyàwó náà wà níbẹ̀, àti èyí tó wá láti Togo tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí 419 lónìí. Ní 2002, Akano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jíìnì ńlá kan ṣoṣo ló wà nídìí agbára TME3, wọ́n sì sọ ọ́ ní CMD2. Ogún ọdún gbáko kọjá kí a tó mọ ohun tó jẹ́. Ní 2022, Lim àti àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Switzerland, Amẹ́ríkà àti Áfíríkà jábọ̀ pé ìyípadà lẹ́tà kan péré ni, nínú jíìnì tó ń ṣe apá pàtàkì lára irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń da DNA kọ. Ẹ rántí pé fáírọ́ọ̀sì kò ní irú irinṣẹ́ yìí, yíyá ló ń yá a. Ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí ti yí irinṣẹ́ náà padà níwọ̀nba tí igi ṣì ń fi í dàgbà, tí fáírọ́ọ̀sì ò sì rí i lò dáadáa mọ́. Kì í ṣe yàrá ìwádìí ló ṣe ìyípadà náà. Inú oko ló ti ṣẹlẹ̀, àgbẹ̀ tó rí igi kan tí ewé rẹ̀ mọ́ láàárín àwọn tó ká kò ló gé e, tó tún un gbìn, tó fún aládùúgbò rẹ̀.

Àwọn kan á ní, ó parí náà nìyẹn, kí gbogbo wa gbin 419 ká sì da àwọn ti àtijọ́ nù. N kò gbà. Àkọ́kọ́, jíìnì kan ṣoṣo yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gẹ́ tuntun tó ń dènà àrùn ewé ní Áfíríkà, fáírọ́ọ̀sì tó bí ọmọ tuntun ní Uganda kò sì ní í dáwọ́ ọmọ bíbí dúró. Èkejì, àrùn mìíràn ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, èyí tó ń sọ inú gbòǹgbò di àwọ̀ ilẹ̀, tó sì ń mú un rà nígbà tí ewé òkè ṣì lè dára lójú. Storey ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Tanzania ní 1936, ó ti wọ Congo báyìí. RNA ni fáírọ́ọ̀sì tirẹ̀, kì í yá irinṣẹ́ DNA lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà CMD2 kò lè dá a dúró. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, nínú ẹ̀gẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí lónìí ni a ó ti máa wá agbára ìjà mìíràn. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń ṣe púpurú mọ èyí tó máa ń rọ̀ dáadáa nínú omi àti èyí tí ẹran rẹ̀ kì í mọ. Bí oríṣi tuntun bá kùnà lójú rẹ̀, kò ní í gbìn ín, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ tó ti ń wọnú ìkòkò Ìkálẹ̀ láti ọdún pípẹ́ yẹ kó ní oko kan tí a ti ń tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ fún un.

Ibi tí èyí ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgàgù wà nínú Òkìtìpupa, ó ní ilẹ̀, ó sì ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ewéko àti ìmọ̀ àgbẹ̀. Yàrá ìwádìí níwọ̀nba, tó lè yẹ ewé wò bóyá oríṣi fáírọ́ọ̀sì kan ló wà níbẹ̀ tàbí méjì, kò kọjá agbára ìpínlẹ̀ tó ní epo rọ̀bì. Ẹgbẹ́ WAVE tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Bingerville ní Côte d'Ivoire, ti ní ẹ̀ka ní Covenant University ní Ọ̀tà, wọ́n lè kọ́ àwọn tiwa níṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, kí ìjọba ìbílẹ̀ dá oko igi ẹ̀gẹ́ mímọ́ sílẹ̀, kí àgbẹ̀ máa rà á níye tí apá rẹ̀ ká. Wọ́n á ní owó kò sí. Iye tí à ń ná lórí oògùn tí kò débi tí àrùn wà, owó ni pẹ̀lú. Wọ́n á tún ní àgbẹ̀ kò ráyè fa igi tó ń ṣàìsàn tu láti ìbẹ̀rẹ̀ oko dé òpin rẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni fún oko ńlá, n kò sì retí kí ẹnikẹ́ni fa gbogbo rẹ̀ tu. Ẹni tí kò lè fà á tu lè yan ibi tí yóò ti gé igi. Àkókò ni àwọn kan kì í mọ̀: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé á re, igi tó kó àrùn àti igi tó mọ́ á wá rí bákan náà, òkìtì igi tí wọ́n dì ní ìdì-ìdì lẹ́bàá títì kò sì ní sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Nítorí náà, inú òjò, nígbà tí ewé ṣì wà lórí, ni ó yẹ kí a rìn yí oko ká, kí a so aṣọ pupa tàbí okùn mọ́ àwọn tí ewé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó sì jẹ́ àwọn wọ̀nyí nìkan ni àdá yóò kàn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá tún dé.